Ọwọ́ Mi Ló Kọ́kọ́ Sọ Ohun Tó Ń Ṣe Ẹ̀dọ̀fóró Mi

Àìsàn tó wà lára mi kò tíì lọ, àwọn dókítà sì ti sọ fún mi pé kò ní lọ. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé tí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé obìnrin kan fẹ́ jẹ́rìí, ohun tí wọ́n máa ń retí ni pé ó ti dìde lórí ibùsùn, ó sì ti da oògùn nù. Èmi ń lo oògùn mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀rí mi ni pé mo wà láàyè, mo sì mọ orúkọ ohun tó ń bá èémí mi jà. Ó ti pẹ́ tí àwọn àmì rẹ̀ ti wà lára mi kí ẹnikẹ́ni tó so wọ́n pọ̀. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe dé, nítorí ó dá mi lójú pé ẹnìkan ń bẹ tí wọ́n wà lára rẹ̀ báyìí, tó ń rò pé àgbà ló ń dé.

Ẹja yìnyín ni mo ń tà, ní Dùgbẹ̀, nílùú Ìbàdàn: títùsì, kótè, ṣáwá, pánlá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ dáadáa tí a ó ti wà ní kóòdù-rúùmù. A ó gbé páálí, a ó là á mọ́lẹ̀ kí ẹja tó ti dì lè túká, a ó wá máa fi ọwọ́ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òtútù ọwọ́ kì í ṣe tuntun fún wa. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, nígbà ọyẹ́, mo kíyè sí i pé ọwọ́ mi ń ṣe ohun tí ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í ṣe. Tí mo bá ti fọwọ́ kan ẹja, ìka mélòó kan yóò ṣàdédé kú, ẹ̀jẹ̀ yóò sá níbẹ̀ láti orí ìka dé oríkèé. Lára awọ dúdú bíi tèmi, kì í funfun bí wọ́n ṣe ń yà á nínú ìwé. Eérú ló ń jọ, inú àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni ẹ ti máa rí i kedere. Tí mo bá já a léèékánná, n kò ní mọ̀. Tí mo bá wá ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á padà, á sì máa ta mí débi tí omi á fi bọ́ lójú mi. Oníṣègùn ará Faransé kan tó ń jẹ́ Maurice Raynaud ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1862, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é dòní. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní Raynaud tí kò sí àìsàn mìíràn lára wọn. Ti èmi kò dúró síbẹ̀.

Ọwọ́ wú. Òrùka ìgbéyàwó mi kò wọlé mọ́. Nígbà tí wíwú náà rọ̀, awọ ìka mi le, ó ń dán, ó fà mọ́ egungun débi pé ẹ ò lè fi ìka méjì gbé e sókè. Ẹnu mi ń kéré. Ìwọ̀n òkèlè tí mo ti ń dá láti kékeré kò wọ ẹnu mi mọ́, n kò sì mọ ohun tí mo lè pe ìyẹn. Àyà ń ta mí lóru tí mo bá sùn gbalaja, kíkan á gùn wá sí ọ̀nà ọ̀fun mi. Kẹ́míìsì àdúgbò ní ọgbẹ́ inú ni, ó ń ta oògùn ọgbẹ́ inú fún mi.

Èyí tó dùn mí jù ni ti awọ ọrùn àti àyà mi. Àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò, ó ku tótòtó dúdú kéékèèké níbi tí irun ti ń hù, ìyókù funfun. Wọ́n ní mo ń bóra. N kò tíì fi ọ̀rá ìbóra kan ara mi rí láyé, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ búra fún? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gèlè wé ọrùn nínú oòrùn Dùgbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ní ìgboyà láti bi mí, ó sì pè mí wọ yàrá kó tó bi mí.

“Ìyàwó mi, kí lo fi ń para?”

“Màmá, mi ò fi nǹkan kan para, mà.”

Ó wo ọrùn mi títí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ọwọ́ rẹ tutù.” Kò bi mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Nínú gbogbo ẹni tó wò mí láàárín ìgbà yẹn, òun nìkan ló rí awọ tó sì tún fọwọ́ kan ọwọ́.

Lẹ́yìn náà ló wá kan èémí. Ìlú olókè ni Ìbàdàn, kò sí bí èèyàn ṣe máa gbé ibẹ̀ tí kò ní pọ́nkè. Láti Bẹẹrẹ lọ sí Mápó, mo ti ń gun ọ̀nà yẹn tòun tẹrù láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Òkè yẹn ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Mo jẹ́wọ́ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé: tí èémí bá ti fẹ́ tán nínú mi, mo máa ń yà sí ìsọ̀ tó bá wà nítòsí, n ó máa ná ọjà tí n kò ní í rà. Mo ná ìkòkò, mo ná aṣọ ọmọdé, mo ná bàtà ọkùnrin, títí èémí mi yóò fi padà bọ̀ sípò. Ojú ń tì mí. Àwọn obìnrin tó jù mí lọ ń kọjá lọ ní ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú igbá lórí, wọ́n ń kí mi, n kò lè dáhùn ju kí n mi orí lọ.

Kò rí bí ìmí ọ̀fìnkìn tàbí ti ásímà. Kò sí ohun tó ń dún fèrè láyà mi. Àyà kò dùn mí. Tí mo bá jókòó, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí rárá, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló ń tan èèyàn. Ó ń wá díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, òkè nìkan ni. Nígbà tó yá, ó di àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, n ó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, n kò lè gbé ẹsẹ orin kan dópin lẹ́ẹ̀kan mọ́. Mo ń la ẹnu lásán, mo ń jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa kọ ọ́. Ikọ́ náà wá dé: ikọ́ gbígbẹ, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, ó dé. Tí mo bá fẹ́ mí kanlẹ̀, ó dé. Ó ń rẹ̀ mí láti àárọ̀, mo sì ń rù.

Tí èèyàn bá ń wúkọ́ tó sì ń rù nílẹ̀ wa, ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní TB ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ń ranni, àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, kó lọ ṣe é. Mo ṣe é. Wọ́n fi ẹ̀rọ GeneXpert yẹ ìwọ̀nba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí mo fi agbára họ jáde wò, wọn kò rí TB níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí mo lọ, tí n kò ní dárúkọ, wo ẹksiré àyà mi, wọ́n rí òjìji nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn TB bó ti wù kó rí. Mo lò ó pé. Ìtọ̀ mi pọ́n. Àwọn ọmọ mi ya ife mi sọ́tọ̀. Ikọ́ náà kò yí padà, òkè Mápó kò sì rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ní ó lè jẹ́ ásímà, wọ́n fún mi ní oògùn tí à ń fi ẹnu fà sínú. Ìyẹn náà kò ṣe nǹkan kan. Inú mi bàjẹ́ sí wọn, ó ṣì ń bàjẹ́ sí wọn títí dòní, torí pé àbájáde àyẹ̀wò náà wà níwájú wọn, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé tí kì í bá ṣe èyí, kí wá ni?

Ohun mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀ níbí. Ẹnìkan lọ́jà fún mi ní prednisolone, ó ní ó mú ikọ́ òun lọ. Mo lò ó fún ọjọ́ díẹ̀, ara mi yá gágá, ni mo bá tún ra sí i. Dókítà tó wá mọ àìsàn mi sọ fún mi nígbà tó yá pé lára ẹni tó ní irú ohun tó wà lára mi, tí prednisolone bá pọ̀, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru ga lójijì, kí kíndìnrín sì dákẹ́ iṣẹ́. Ọlọ́run ló yọ mí. Oògùn yẹn wúlò lọ́wọ́ dókítà tó mọ ìdí tó fi fún ni. Kì í ṣe ohun tí à ń pín fún ara wa nídìí àtẹ ẹja.

Ọmọbìnrin mi ló fi dandan mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà níṣẹ́. Dókítà tó wò mí jẹ́ obìnrin, kò dàgbà tó àbígbẹ̀yìn àbúrò mi. Mo na káàdì mi sí i. Ó gba káàdì, ó gbé e sílẹ̀ láìwò ó, ó di ọwọ́ tí mo fi nà án mú.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ni ọwọ́ yín ti rí báyìí?”

Mo ní, “Dókítà, ikọ́ ló gbé mi wá.”

“Mo gbọ́, mà. Ikọ́ yẹn náà ni mò ń bi yín.”

Ó gbìyànjú láti fi ìka méjì gbé awọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi sókè, kò gbé e. Ó ní kí n la ẹnu. Ó béèrè bóyá ìka mi máa ń yí àwọ̀ padà nínú òtútù. Ó béèrè bóyá kíkan máa ń gùn mí lọ́fun lóru. Ohun gbogbo tí mo ti ń gbé kiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí mo ti gbé lọ bá ẹni tó ń ta oògùn àti ẹni tó ń ta ọ̀rá, ló ń kà jáde fún mi lẹ́nu ara rẹ̀. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Kò dá mi lẹ́kun. Ó dúró kí n sun ún tán, ó wá ní kí n yí ẹ̀yìn sí òun.

Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn pátápátá ló gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé, lókè díẹ̀ sí ibi tí okùn ìró máa ń wà. Àwọn tó ti yẹ̀ mí wò tẹ́lẹ̀, iwájú àyà ni wọ́n máa ń gbé e sí. Ó ní kí n mí kanlẹ̀, ó gbọ́, ó sì fi ẹ̀rọ náà sí èmi gan-an létí kí n gbọ́ ohun tó ń gbọ́. Ní ìgbà tí èémí bá ń wọlé lọ dé ìsàlẹ̀, ohùn kan ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ iléèwé bá ń ṣí bàtà tí ọ̀já rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra. Ó ní ásímà máa ń fọn fèrè nígbà tí èémí bá ń jáde lọ. Èyí ń dún nígbà tó ń wọlé, èèyàn ì báà wúkọ́, kì í lọ. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró tó ń le ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Ó fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há ìka mi, kò gbé e, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ìka mi dáadáa. Ó yọ ọ́, ó mú irú èyí tí wọ́n ṣe fún etí, ó fi há ibi tí a máa ń lu fún yẹtí. Ó ka 96. Ó ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n òun kò gbà á gbọ́ tán. Ó ní ẹ̀rọ yẹn máa ń ka iye tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà mìíràn lára awọ dúdú, àti pé lórí ìjókòó ni òun ti kà á. Ó ní kí nọ́ọ̀sì bá mi rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú 6, kí n rìn bó ti lè yá tó. Kó tó pé, mo ti di ògiri mú. Ẹ̀rọ náà ka 87. Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún mi tẹ́lẹ̀, orí ìjókòó ni wọ́n ti ṣe wọ́n, níbi tí kò ti sí ohun tó ń ṣe mí.

CT scan ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń gé àwòrán ẹ̀dọ̀fóró ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹksiré lè má fi nǹkan kan hàn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ kan láti mọ ìwọ̀n èémí tí ẹ̀dọ̀fóró mi lè gbà, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ mi láti wò bóyá àwọn ọmọ ogun ara mi ń bá ara mi fúnra rẹ̀ jà. Àpò ara wa ni a ti san gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ọjà yọ̀ǹda kí n kó àjọ ṣáájú ìgbà tó kàn mí, mo sì ta fìríjì ńlá kan. Àwọn obìnrin kan náà tó ní mo ń bóra ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Orúkọ èyí tó ń mú awọ le ni scleroderma. Orúkọ ohun tó ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró mi ni interstitial lung disease, tí wọ́n ń gé kúrú sí ILD. Bí dókítà ṣe là á yé mi nìyí: àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké ló pọ̀ lọ súà nínú ẹ̀dọ̀fóró, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín yí wọn ká, ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló sì wà láàárín wọn tí ọ́síjìn ń gbà kọjá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹran fẹ́lẹ́ yẹn ni ILD ń mú wú, tó ń sọ di àpá. Bí àpá bá ti nípọn, ọ́síjìn kò rí ọ̀nà tó tó mọ́, ẹ̀dọ̀fóró náà kò sì lè fẹ̀ bó ṣe yẹ. Àpá tó bá ti wà níbẹ̀ kì í padà di ẹran. Oògùn tí wọ́n fún mi, mycophenolate, ń kápá àwọn ọmọ ogun ara kí wọ́n má baà dá àpá mìíràn sí i. Mo ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé nítorí rẹ̀. Oògùn mìíràn wà, nintedanib, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2014 fún oríṣi ILD kan tí kò ní okùnfà tí a mọ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ní 2019 fún ti àwa tó ní scleroderma. Owó rẹ̀ kò ṣeé sún mọ́ fún mi. Ọmọbìnrin mi ló kà fún mi pé ohun kan náà ló bá Rita Owens jà, ìyá olórin Amẹ́ríkà nì, Queen Latifah, tó kú ní 2018. Mo ronú nípa obìnrin yẹn lóru ọjọ́ náà. Ọmọ tirẹ̀ lówó lọ́wọ́, síbẹ̀.

Ní ibi tí a ti ń dúró de dókítà, mo ti rí i pé ọ̀nà tí ILD ń gbà wọlé pọ̀. Ó lé ní 200 oríṣi. Bàbá kan ń bẹ tó ń sin adìyẹ. Ó ní ọjọ́ tí òun bá gbá ilé adìyẹ, tó bá máa fi di ìrọ̀lẹ́, ibà àti ikọ́ ti dé, tí òun bá sì rìnrìn àjò, gbogbo rẹ̀ á lọ. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń wo ibà fún un. Eruku ìyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ni ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò gbà. Ọkùnrin kan ti fọ́ òkúta láti ọ̀dọ́, eruku òkúta wà nínú tirẹ̀. Àwọn oògùn ilé ìwòsàn kan pàápàá lè fà á, bí amiodarone tí wọ́n ń lò fún ọkàn, tàbí nitrofurantoin tí wọ́n ń lò fún ilé ìtọ̀, tàbí ìtànṣán tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ àyà. Làkúrègbé tó ń wú oríkèé ọwọ́ láàárọ̀ lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn mìíràn sì wà, ọkùnrin tó ti lé ní 60 ọdún ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n ti mu sìgá rí, tí a kò rí okùnfà kankan.

Àwọn kan lára àwọn tí a jọ ń dúró de dókítà, orí ìka wọn ti wú róbótó, èékánná ti tẹ̀ kọdọrọ. Nọ́ọ̀sì fi bí a ṣe ń wò ó hàn wá: ẹ fi ẹ̀yìn èékánná ìka kan náà lọ́wọ́ ọ̀tún àti tòsì kanra. Ihò kékeré kan yẹ kó wà láàárín wọn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Tí ihò náà bá ti dí, ẹ lọ rí dókítà. Leo Schamroth, dókítà ọkàn kan ní Gúúsù Áfíríkà, ló kíyè sí i lára ìka tirẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn.

N kò wọ kóòdù-rúùmù mọ́. Ọmọbìnrin mi ló ń la páálí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Èmi ń jókòó gba owó. Mo ṣì ń sunkún nígbà mìíràn tí wọ́n bá ń kọrin gígùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n èémí mi kò tíì dín sí i láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Dókítà ní ká ní mo tètè dé, ìwọ̀n tí ì bá ṣẹ́ kù fún mi ì bá ju báyìí lọ.

Nítorí náà mo bẹ yín. Tí èémí yín kò bá tó yín mọ́ lórí òkè tí ẹ ti ń gùn tẹ́lẹ̀, tí ikọ́ gbígbẹ bá dúró tì yín, tí àyẹ̀wò TB kò bá rí nǹkan kan, ẹ má ṣe padà sílé. Ẹ ní kí dókítà gbọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín. Ẹ ní kí wọ́n wo ọ́síjìn yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹyẹ tí ẹ ń sìn, oògùn tí ẹ ń lò. Kí ẹ sì na ọwọ́ yín méjèèjì sí wọn, kí wọ́n wò ó.